Wíwá ìran ẹbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ohun tó jẹ́ ọ̀fẹ́ àti ohun tí wọ́n ń gbowó lé, fún ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), Kétu àti Ṣábẹ̀ ní Bénin

Ìkànnì tó ń ta ìwé ìran pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìpolówó wọn sì dùn létí: ẹ kàn tẹ orúkọ yín, ẹ ó rí bàbá ńlá yín. Ọmọ Kétu tàbí ọmọ Ṣábẹ̀ tó bá tẹ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, àwọn ará Amẹ́ríkà tó kú ní Ohio ló máa jáde sí i. Irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa. Ibi tí ìjọba àti ṣọ́ọ̀ṣì ti ń kọ orúkọ ènìyàn sílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ni ọjà wọn ti ń wá: Amẹ́ríkà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilẹ̀ Faransé. Ní tiwa, ọ̀pọ̀ àgbà tí wọ́n bí ṣáájú òmìnira kò ní ìwé ìbí kankan ju èyí tí ilé ẹjọ́ ṣe fún wọn nígbà tí wọ́n ti dàgbà.

Nítorí náà, ẹ má sanwó fún ìkànnì kankan àfi tí ẹ bá ti rí ohun mẹ́ta: orúkọ àkójọ ìwé tí ẹ fẹ́ wò, ìlú tí ìwé náà kàn, àti ọdún tó ti bẹ̀rẹ̀ dé ọdún tó parí sí. Kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì bá ẹni tí ẹ ń wá mu. Púpọ̀ nínú ohun tó wúlò fún wa ló jẹ́ ọ̀fẹ́. Ohun tó ń náni ni àkókò, mégà íntánẹ́ẹ̀tì, àti owó ọkọ̀ lọ sí ilé ìpamọ́ ìwé ní Ouando.

1. Ẹ kọ ohun tí àwọn àgbà mọ̀ kí ẹ tó tan kọ̀ǹpútà

Ẹ mú ìwé àjákọ kan, kí ẹ ya ojú-ewé kan sọ́tọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Orúkọ àmútọ̀runwá, orúkọ àbísọ, oríkì, ìnagijẹ tí ará ilé fi ń pè é, orúkọ Mùsùlùmí tàbí ti ìrìbọmi, orúkọ tó wà lórí ìwé rẹ̀: ẹ kọ gbogbo rẹ̀, ẹ má fo ọ̀kan. Ẹni tí gbogbo agboolé mọ̀ sí Bàbá Àlàbá lè jẹ́ Soulé nínú ìwé ológun, kó sì jẹ́ Joseph nínú ìwé ìjọ. Ẹ bèèrè agboolé tí ìyá rẹ̀ ti wá, oríkì orílẹ̀, èèwọ̀ ìdílé, àti ibi tí wọ́n sin ín sí. Ní Kétu, ẹ bèèrè bóyá ilé náà so mọ́ ọ̀kan nínú ìdílé márùn-ún tó ń jẹ Alákétu, ìbáà jẹ́ láti ọ̀dọ̀ ìyá, nítorí ìtàn irú ilé bẹ́ẹ̀ máa ń jinlẹ̀ ju ti ẹlòmíì lọ, ẹni tó ń pa á mọ́ sì máa ń wà.

Àgbà kì í sábà mọ ọdún, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ bi wọ́n bóyá ẹni náà ti dáyé, bóyá ó ti ń rìn, bóyá ó ti láya tàbí lọ́kọ nígbà tí:

– ogun Dànhọ̀mẹ̀ fọ́ Kétu, 1886;
– Ọba Tòfá wàjà ní Àjàṣẹ́, 1908;
– ọkọ̀ ojú irin dé Ṣábẹ̀, 1911;
– ogun Jámánì àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, 1914;
– ọkọ̀ ojú irin dé Parakou, 1936;
– Dahomey gba òmìnira, 1 oṣù kẹjọ 1960.

Ìdáhùn méjì nínú ìwọ̀nyí lè tó láti há ọdún ìbí ẹnì kan mọ́ àárín ọdún mẹ́wàá. Ẹni tó ti ń ru ẹrù ní ibùdókọ̀ nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Ṣábẹ̀ kò lè jẹ́ ẹni tí wọ́n bí ní 1910, ohun yòówù kí káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ wí.

Káàdì àti ìwé ìbí àwọn àgbà, ẹ fi ìṣọ́ra kà á. Ibi tí ẹ bá ti rí "né vers 1912" (wọ́n bí i ní nǹkan bí 1912), akọ̀wé wo ojú ẹni náà ló fi dá a lé. Ẹ sún un sẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ẹ sún un síwájú ọdún mẹ́wàá, kí ẹ tó fi wá ohunkóhun. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní náà yẹ kó mú yín fura: ọjọ́ tí wọ́n ń fún ẹni tí kò mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ ni. Jugement supplétif, ìwé ìbí tí ilé ẹjọ́ ṣe fún ẹni tí kò ní ìwé ìbí, ní ọjọ́ méjì lórí, ọjọ́ tí adájọ́ fọwọ́ sí i àti ọjọ́ tí wọ́n ní wọ́n bí ẹni náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń da méjèèjì rú. Ẹ kọ orúkọ àwọn ẹlẹ́rìí tó wà nísàlẹ̀ ìwé náà sílẹ̀ pẹ̀lú, torí ìbátan ni wọ́n sábà máa ń jẹ́.

2. Ẹ kọ orúkọ náà bí akọ̀wé òyìnbó ṣe gbọ́ ọ

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìwádìí ti ń kú. Ìwé wà, orúkọ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá a kò kọ ọ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́.

Akọ̀wé Faransé kò ní ṣ, ch ló ń kọ. J wa máa ń di dj, u wa á di ou, p wa á di kp nígbà mìíràn. S tó bá bọ́ sáàárín fáwẹ́lì méjì, wọ́n máa ń kọ ọ́ ní méjì kó má baà di z lẹ́nu wọn. Orúkọ tó bá fi mọ tàbí nọ parí lè ní n lẹ́yìn. Torí náà Adéṣínà á di Adéchina, tàbí Adéshina, tàbí Adétchina. Ọlátúnjí á di Olatoundji. Ògúnṣolá á di Ogounchola, n rẹ̀ sì lè bọ́, kó ku Ogouchola. Àdìsá á di Adissa. Jìmọ́ á di Djimon. Bí ẹbí yín bá kọjá sí Nàìjíríà, ìwé Gẹ̀ẹ́sì á tún kọ sh dípò ch. Bí ìwé bá ti Brazil wá, x ni wọ́n ń fi dípò ṣ.

Ẹ jókòó, kí ẹ kọ ó kéré tán oríṣi mẹ́fà fún orúkọ kọ̀ọ̀kan sórí ìwé kan. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ lo àmì ìràwọ̀. Lórí FamilySearch (ìkànnì ìwárí ìran tó jẹ́ ọ̀fẹ́) àti Ancestry (ti ẹlẹ́sanwó), * dúró fún lẹ́tà iye tó wù kó jẹ́, ? dúró fún ẹyọ kan. Olat*dji á mú Olatoundji wá, ṣùgbọ́n kò ní mú Olatunji wá, torí kò sí d níwájú j rẹ̀. Olat*ji á mú méjèèjì. Ìyàtọ̀ lẹ́tà kan yìí lè jẹ́ gbogbo ohun tó dí yín lọ́nà.

Ohun kejì: orúkọ ìdílé kò dúró lójú kan láyé àtijọ́. Orúkọ tí bàbá ń jẹ́ gan-an ni wọ́n máa ń fi ṣe orúkọ ìdílé ọmọ ní ilé ìwé, ọmọ ìyá mẹ́ta sì lè ní orúkọ ìdílé mẹ́ta. Bí ẹ kò bá rí bàbá ńlá, ẹ wá àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ẹ wá ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Orúkọ ìlú náà ń ṣini lọ́nà. Ẹ wá Kétou, kì í ṣe Kétu nìkan, torí Ketu wà ní Èkó náà. Savé ni Ṣábẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ dán Chabé àti Shabe wò. Porto-Novo wà ní Cabo Verde, ó sì wà ní Íńdíà, nítorí náà ẹ fi Dahomey kún un. Dahomey ni orúkọ orílẹ̀-èdè wa títí di 30 oṣù kọkànlá 1975. Ìwé tó ti pẹ́ jùyẹn kò ní mọ Bénin. Lórí ìkànnì Gẹ̀ẹ́sì, bí ẹ bá tẹ Benin, Ẹdó ti Nàìjíríà lè kún ojú-ewé yín.

3. Àwọn ibi ọ̀fẹ́ tó yẹ kí ẹ lọ kọ́kọ́ wò

Mémoire des hommes ni ká fi ṣáájú. Ìkànnì ilé-iṣẹ́ ààbò ilẹ̀ Faransé ni, kò gba kọ́bọ̀, kò béèrè káàdì. Àkọsílẹ̀ àwọn tó kú fún ilẹ̀ Faransé nínú ogun 1914 sí 1918 wà níbẹ̀, ó lé ní mílíọ̀nù kan, àwọn ọmọ Dahomey tó wọ ẹgbẹ́ tirailleurs sénégalais, àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú tí Faransé kó jọ ní Áfíríkà, sì wà láàárín wọn. Báyìí ni kí ẹ ṣe é:

Ẹ wọ apá ogun àgbáyé àkọ́kọ́, ẹ yan àwọn "Morts pour la France". Ẹ tẹ orúkọ kan ṣoṣo síbi nom (orúkọ ìdílé), kí ẹ fi prénom (orúkọ àbísọ) sílẹ̀ ní òfìfo, torí ọ̀pọ̀ tirailleur ló ní orúkọ ẹyọ kan péré. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ gbé orúkọ kan náà lọ síbi prénom. Níbi tí wọ́n ti béèrè ilẹ̀ ìbí, ẹ wá Dahomey, bí kò bá sí, ẹ wá Bénin. Àwòrán ìwé pélébé kan ló máa ṣí. Ẹ kà á láti òkè: orúkọ, ipò, ẹgbẹ́ ọmọ ogun, nọ́ńbà matricule (nọ́ńbà tí wọ́n fún ọmọ ogun náà), ọjọ́ àti ibi tó kú sí, irú ikú, ọjọ́ àti ibi ìbí. "Tué à l'ennemi" ni pé ojú ogun ló kú sí. Bí ẹ bá rí maladie àti Fréjus, àìsàn ló pa á ní ibùdó tí wọ́n ń kó àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú lọ lásìkò òtútù. Ní ti ibi ìbí, ẹ má retí abúlé nìkan. "Cercle de Savé" tàbí "cercle de Porto-Novo" ni wọ́n máa ń kọ, àgbègbè ìṣàkóso sì ni cercle, ó tóbi ju ìlú lọ.

Ẹ kọ matricule yẹn sílẹ̀ ṣinṣin. Òun ni kọ́kọ́rọ́ sí ìwé tó kù. Ẹni tó bá padà wálé láàyè kò sí nínú àkójọ àwọn òkú yìí. Fún irú wọn, ilé ìpamọ́ ìwé àwọn ológun ilẹ̀ Faransé tó wà ní Pau ni ẹ máa kọ̀wé sí, pẹ̀lú orúkọ, ọdún ìbí àti nọ́ńbà tó wà lórí ìwé owó ìfẹ̀yìntì tàbí àmì ẹ̀yẹ tí ẹbí ní lọ́wọ́. Ìdáhùn ń pẹ́, oṣù ni wọ́n ń kà á.

Ẹ fi èyí sọ́kàn pẹ̀lú: lásìkò ogun yẹn, ọ̀pọ̀ ará Kétu àti Ọ̀họ̀rí sá kọjá ààlà lọ sábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n má baà mú wọn ní sójà. Ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fa ààlà náà. Bí ìtàn ilé yín bá ní bàbá kan "lọ oko tí kò padà" ní nǹkan bí 1915, Ìmẹ̀kọ, ní ìhà Nàìjíríà, ni kí ẹ bèèrè rẹ̀ dé.

Gallica, ti ilé ìkàwé ńlá ilẹ̀ Faransé, ni ìkejì. Ìwé ìròyìn ìjọba, Journal officiel du Dahomey, wà lórí rẹ̀. Ohun tí ènìyàn ń bá níbẹ̀: ìyànsípò akọ̀wé, olùkọ́, ògbufọ̀ àti olóyè kántọ̀nù, ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́, ìfẹ̀yìntì, àti ìkéde àwọn tó fẹ́ forúkọ ilẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ìkéde ilẹ̀ yìí dára púpọ̀ fún ará Àjàṣẹ́, torí ó máa ń dárúkọ onílẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀, àdúgbò, àti ẹni tí ilẹ̀ wọn jọ pààlà. Ẹ fi orúkọ náà sáàárín àmì ìfàyọ, bí "Olatoundji", kí ẹ sì dín ọdún kù lápá òsì ojú-ewé. Ẹ̀rọ ló ka àwọn ojú-ewé yìí, ó sì ń ṣì lẹ́tà kà: u lè di n, l lè di i. Bí ẹ bá mọ ọdún tí wọ́n yan ẹnì kan sípò, ẹ ṣí ìwé ọdún náà, kí ẹ ṣí i ní ojú-ewé kọ̀ọ̀kan. Ó ń gba àkókò, ó sì ń jẹ mégà, torí náà ẹ kọ nọ́ńbà ojú-ewé tí ẹ dé kí iná tó lọ.

ANOM, ilé ìpamọ́ ìwé àwọn ilẹ̀ òkèèrè Faransé tó wà ní Aix-en-Provence, jẹ́ ọ̀fẹ́ pẹ̀lú. Ẹ má retí ìwé ìbí àgbẹ̀ Ṣábẹ̀ nínú ìwé ìbí àti ikú tó wà lórí ìkànnì wọn: àwọn òyìnbó àti àwọn tó ní ẹ̀tọ́ ọmọ ilẹ̀ Faransé ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àkójọ Léonore, ti àwọn tó gba Légion d'honneur (oyè ìyìn ilẹ̀ Faransé), náà kò gbowó. Ó tọ́ kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹbí yín bá ní olóyè tàbí ọmọ ogun tó gba oyè náà.

FamilySearch ni èyí tó tóbi jù nínú àwọn ọ̀fẹ́. Ìjọ Mọ́mọ́nì, tí orílé-iṣẹ́ wọn wà ní Salt Lake City, ló ni í. Ẹ kàn máa forúkọ sílẹ̀ ni, wọn kì í béèrè owó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tẹ orúkọ sínú àpótí ìwárí àkọ́kọ́ tí wọ́n rí, wọn ò rí nǹkan kan, wọ́n sì lọ. Àpótí yẹn kò mọ̀ ju ìwé tí wọ́n ti ṣe atọ́ka fún. Ẹ lọ sí Catalog, ẹ tẹ orúkọ ìlú tàbí orílẹ̀-èdè, kí ẹ wo àkójọ tó wà. Níwájú àkójọ kọ̀ọ̀kan, àwòrán kámẹ́rà túmọ̀ sí pé ẹ lè rí ìwé náà. Bí kọ́kọ́rọ́ bá wà lórí kámẹ́rà, ó di dandan kí ẹ lọ sí ibùdó FamilySearch tàbí ilé ìkàwé tó bá wọn dòwò pọ̀. Ojú-ewé wọn ní ibi tí ẹ ti lè wá èyí tó súnmọ́ yín. Owó kọ́ ló fà á. Àdéhùn tí wọ́n bá àwọn tó ni ìwé ṣe ni, kò sì sí iye tí ẹ lè san láti ilé tó máa ṣí i.

Fún ẹbí Àgùdà ní Àjàṣẹ́, ibí yìí ni iṣẹ́ wà. Ìwé ìjọ Kátólíìkì Bahia, láti 1598 dé 2007, wà lórí FamilySearch lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó padà wá sí ẹkùn wa kúrò ní Bahia lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn Málè ní 1835. Nínú ìwé ìrìbọmi, ẹ wá "nagô", torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pe Yorùbá níbẹ̀. "Forro" tàbí "liberto" ni ẹni tó ti gba òmìnira ara rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ bàbá ìsàmì àti ti ọ̀gá sílẹ̀. Orúkọ ọ̀gá ni ẹrú tó gba òmìnira sábà máa ń jẹ́, nítorí náà da Silva méjì nínú ìwé kan náà lè má bá ara wọn tan rárá, ó lè jẹ́ pé ọ̀gá kan náà ló ni wọ́n. Ẹni tó bá so wọ́n pọ̀ nítorí orúkọ ti kọ ìran ẹlòmíì. Ẹ má wá sí ibí yìí bí ẹ kò bá tíì ní orúkọ ìrìbọmi, orúkọ aya, àti ọdún tó súnmọ́ ìgbà tí wọ́n kúrò ní Brazil. José kò níye ní Bahia.

SlaveVoyages, ìkànnì ìtàn òwò ẹrú, wà fún ẹni tó ń wá àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ. Àkójọ orúkọ kan wà lórí rẹ̀ tó ní 91,491 ènìyàn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lórí ọkọ̀ ojú omi ẹrú láàárín 1808 àti 1862, tí wọ́n kó púpọ̀ nínú wọn lọ sí Freetown. Orúkọ, ọjọ́ orí, gíga, ọkọ̀ àti èbúté wà níbẹ̀, ẹ ó sì rí orúkọ Yorùbá bíi ti ará ilé yín. Ẹ fara balẹ̀. Orúkọ kan náà àti èbúté Èkó tàbí Ouidah kò tó ẹ̀rí pé ọmọ yín ni. Ó wúlò fún ìtàn ìlú ju ìtàn ilé kan lọ. Ní Sierra Leone, Aku ni wọ́n ń pe Yorùbá. Ní Cuba, Lucumí. Ẹ fi orúkọ méjèèjì yìí sọ́wọ́ bí ẹ bá ń ka ìwé ìlú wọn.

4. Ìwé tí kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì rárá

Ilé ìpamọ́ ìwé orílẹ̀-èdè wa wà ní Ouando, ní Àjàṣẹ́. Ìwé ìjọba amúnisìn ló pọ̀ níbẹ̀: ìròyìn àwọn alákòóso cercle, ẹjọ́, owó orí, ọ̀ràn oyè. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀, lẹ́ǹsì, àti ìwé tí ẹ ti kọ ohun tí ẹ fẹ́ sí ní gbólóhùn kan: orúkọ, ìlú, ọdún, irú ọ̀ràn. Ẹni tó bá ní "mo ń wá ìran mi" á jókòó títí, torí wọn kò to ìwé ní ti orúkọ ẹbí. Ẹni tó bá ní "ọ̀ràn oyè ní Kétou, láàárín 1910 sí 1920" á rí ẹni dá a lóhùn. Kí ẹ tó ya fọ́tò ìwé kankan, ẹ bèèrè àyè àti iye tí wọ́n ń gbà.

Ìjọ Kátólíìkì ti wà ní Àjàṣẹ́ láti 1864. Ìwé ìrìbọmi àti ìgbéyàwó wà lọ́wọ́ páríìṣì, kò sí lórí ìkànnì ẹlẹ́sanwó kankan. Ẹ lọ bá akọ̀wé páríìṣì láàárín ọ̀sẹ̀, ẹ má lọ lọ́jọ́ Àìkú. Ní etí ìwé ìrìbọmi, wọ́n lè ti kọ ọjọ́ àti ibi ìgbéyàwó ẹni náà sí i. Ẹ ní kí wọ́n ka etí ìwé fún yín pẹ̀lú.

Ní ti ìwé ìbí tuntun tí ANIP, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ìdánimọ̀ ènìyàn, ń ṣe, ìwé ẹni tó wà láàyè fún ìlò òní ni. Ìwé tó máa fún yín ní ìtàn ni ti àtijọ́, èyí tí wọ́n fọwọ́ kọ ní mairie tàbí arrondissement, tó ní orúkọ ẹlẹ́rìí àti iṣẹ́ bàbá. Ẹ bèèrè ẹ̀dà gbogbo ojú-ewé ìwé náà, kì í ṣe ìyọkúrò (extrait) nìkan.

5. Ìgbà tí owó bá tó san

Ẹni yín tó re òkè òkun ni ìdí kan tó lágbára. Bí bàbá yín bá wọ ọkọ̀ ojú omi láti Èkó lọ sí Liverpool lọ kàwé tàbí lọ ṣòwò, orúkọ àwọn èrò ọkọ̀ tó wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1878 sí 1960, àti ti àwọn tó jáde láti 1890 sí 1960, wà lórí Ancestry àti Findmypast. Ọjọ́ orí, iṣẹ́, àti àdírẹ́sì tó ń lọ wà níbẹ̀. Bí ó bá fẹ́ ìyàwó ní ilẹ̀ Faransé, Geneanet ló súnmọ́ jù, ó sì ní apá ọ̀fẹ́ tó pọ̀ tí ẹ lè kọ́kọ́ lò. MyHeritage gba ènìyàn 250 sínú igi ìdílé lọ́fẹ̀ẹ́, lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á ní kí ẹ sanwó. Ìdílé olóbìnrin mẹ́rin ní Kétu á kọjá 250 kí ó tó dé ìran kẹrin, torí náà ẹ má bẹ̀rẹ̀ igi níbẹ̀ bí ẹ kò bá fẹ́ san.

Bí ẹ bá fẹ́ san, ẹ tẹ̀lé e báyìí.

Ẹ kọ́kọ́ wá nǹkan náà láìsanwó. Àwọn ìkànnì yìí máa ń jẹ́ kí ẹ wárí, kí ẹ rí díẹ̀, kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn. Ẹ wo orúkọ àkójọ tó wà lábẹ́ èsì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ gbé orúkọ náà lọ sínú FamilySearch. Ó lè jẹ́ ìwé kan náà tó wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ yí owó padà sí sẹ́fà kí ojú yín má baà fọ́. Yúrò kan jẹ́ sẹ́fà 655.957, kò yí. Bí ìkànnì bá ní yúrò 10 lóṣù, sẹ́fà 6,560 ni. Lọ́dún, ó di 78,715, láìka owó tí báńkì ń yọ lórí káàdì. Ẹ wo bóyá iye tí wọ́n kọ gàdàgbà jẹ́ ti oṣù kan lóòótọ́. Nígbà mìíràn iye ọdún ni wọ́n pín sí 12 tí wọ́n sì ń yọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ san ti oṣù kan ṣoṣo. Ẹ kó gbogbo ìbéèrè yín jọ fún oṣù mélòó kan, kí ẹ wá san, kí ẹ fi oṣù kan ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹ lo káàdì Visa alásansílẹ̀, kí ẹ fi iye tí ẹ fẹ́ san àti díẹ̀ lé e sínú rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ yọ owó oṣù kejì, wọn ò ní bá owó tó tó níbẹ̀.

Ìdánwò ọ̀fẹ́ ọjọ́ 14 náà ń béèrè káàdì, ó sì ń di sísan fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Ẹ fi aago fóònù yín sí ọjọ́ kẹwàá.

Àyẹ̀wò DNA ń gbowó lọ́tọ̀. Ẹkùn tí wọ́n ń dárúkọ nínú èsì rẹ̀, bíi "Benin àti Togo", gbòòrò, kò sábà mọ Kétu yàtọ̀ sí Abomey. Bí ó bá wúlò fún yín, á jẹ́ torí pé ọmọ ẹbí yín kan ní Amẹ́ríkà tàbí Brazil náà ṣe é, tí ìkànnì sì so yín pọ̀.

6. Igi tí ẹlòmíì gbìn

Lórí FamilySearch àti àwọn ẹlẹ́sanwó, ẹ ó bá igi ìdílé tí ẹnì kan ti kọ dé ọ̀dọ̀ Odùduwà, tí ọdún ìbí wà níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ tẹ orúkọ náà, ẹ wo bóyá ìwé kankan wà lábẹ́ rẹ̀. Bí kò bá sí, ìtàn ni, kì í ṣe ìwé. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́ àti ọjọ́ tó sọ ọ́, kí ẹ má gbé ọdún rẹ̀ wọ inú tiyín. Lórí FamilySearch, ẹnikẹ́ni lè yí igi náà padà lóru ọjọ́ kan. Nítorí náà, ẹ ní igi tiyín lórí ìwé tàbí kọ̀ǹpútà, kí ẹ má fi orúkọ àwọn tó wà láàyè síta, pàápàá àwọn ọmọdé.

Kí oṣù tí ẹ san tó pé, ẹ gba gbogbo àwòrán ìwé sórí fóònù yín, torí ilẹ̀kùn máa tì bí owó bá tán. Ẹ sọ fáìlì kọ̀ọ̀kan lórúkọ báyìí: ọdún, ìlú, orúkọ, irú ìwé, bíi 1916-Savé-Adissa-ikú. Ẹ tún ya fọ́tò ojú-ewé tó sọ orúkọ àkójọ àti nọ́ńbà ìwé náà, kí ẹni tó bá ń wá a lẹ́yìn yín lè dé ibẹ̀ tààrà. Lẹ́yìn náà ẹ lọ sí ibi àkáǹtì, ẹ tẹ ibi tí wọ́n ti ń fagi lé ìsanwó, ẹ dúró títí ímeèlì ìfagilé á fi wọlé, kí ẹ tọ́jú ímeèlì náà. Yíyọ ápù kúrò lórí fóònù kò fagi lé nǹkan kan.